Bí mo ṣe gbé tábìlì sínúkà wọlé ní Adó

Ẹ̀bá títì ní Àjìlósùn ni mo ti ń gbá sínúkà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n kúkú ra tèmi, ó kéré tán òun á máa rí mi nílé.

Àlòkù ni mo rà, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, olókùúta. Ege mẹ́ta ni òkúta ọ̀hún lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó tà á kò sọ fún mi, èmi náà kò bèèrè. Ọkùnrin mẹ́jọ gbé e lódindi bí ẹni gbé pósí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí bàráńdà tí mo ti mọ ògiri yí ká. Ọ̀gá wọn ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ kan, ó gbowó, ó lọ.

Àṣé gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń lọ sápá ẹnu ọ̀nà! Àbúrò mi tètè mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jẹ mí lówó, òun gan-an ni mo sì ń fura sí.

Bíríkìlà tó kọ́lé fún wa ló tú àṣírí nígbà tó yà kí wa. Bàbá náà rẹ́rìn-ín: "Èmi ni mo dà á ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bàráńdà ni, àbí ẹ fẹ́ kí òjò máa dúró síbẹ̀ ni?"

Àkúrẹ́ ni mo ti rí ẹni tó mọṣẹ́. Kò tíì fọwọ́ kan tábìlì tó fi mú ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń nà án sẹ́yìn ní igun kọ̀ọ̀kan. Ínṣì 57 ni ọ̀pá, ògiri sì ti sún mọ́ jù. "Ọ̀gá, ìgúnpá lẹ ó máa fi lu ògiri o." La bá kó o lọ sí pálọ̀. Àga ìjókòó méjì di èrò yàrá àlejò, ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi.

Ó ṣí aṣọ, ó tú òkúta ní ege kọ̀ọ̀kan. Ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e lóròó, ó gbé e lé e níbùú, ó ń ki káàdì ìwọ̀ọ̀tù sábẹ́ òkúta títí ìhó inú omi rẹ̀ fi dúró láàárín. Ó wá yọ́ ìda oyin sí ojú àpapọ̀ wọn, ó fi abẹ ha á. Mo ní ṣé àbẹ́là kò lè ṣe é? Ó ní àbẹ́là máa ń sán. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó na aṣọ.

Àbúrò mi dé ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nà án. Ó ní wọ́n ti ba tábìlì náà jẹ́.