“Olùgbà họ́mọ̀nù” kò sọ ọ́ tán: èmi dìbò fún “aṣọ́lẹ̀kùn”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú làákàyè o.

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé àlàyé fún àwọn tó ń tọ́jú alárùn jẹjẹrẹ fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ fèsì sí: kí la ó máa pe thyroid hormone receptor, pròtéènì inú sẹ́ẹ̀lì tí họ́mọ̀nù tàírọ́ìdì máa ń so mọ́, ní Yorùbá? Èsì mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹnì kan ní “olùgbà họ́mọ̀nù”. Òmíràn ní “ihò kọ́kọ́rọ́”. Ẹnìkẹta ní ká kọ “rìsẹ́pítọ̀” kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ mú “olùgbà”. Mo bẹ̀ yín sà, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Mi ò bá “olùgbà” jà ní ti gírámà. Bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni ni olùgbà ṣe ń gba nǹkan, ó já geere. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kò sọ. Olùgbà tí kò rí nǹkan gbà, kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kó káwọ́ gbera ni. Ṣùgbọ́n nǹkan tí à ń wá orúkọ fún yìí ń ṣiṣẹ́ kí họ́mọ̀nù tó dé rárá.

Tàírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó rí bí labalábá níwájú ọrùn, máa ń tú họ́mọ̀nù méjì sínú ẹ̀jẹ̀: T4 tó ní áyódíìnì mẹ́rin lára, àti T3 tó ní mẹ́ta. Edward Kendall ló kọ́kọ́ yọ T4 sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1914. T3 kò di mímọ̀ títí di 1952, nígbà tí Jack Gross àti Rosalind Pitt-Rivers rí i ní Lọ́ńdọ̀nù, òun tó kẹ́yìn dé yìí ló sì lágbára jù. T3 á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á kọjá lọ sí kókó sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA wà, ibẹ̀ ni yóò ti bá ẹni tí à ń wí yìí tó ti jókòó sórí DNA, tí ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RXR sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí “ti jókòó”. Ó ti wà níbẹ̀ kí àlejò tó dé. Nígbà tí T3 kò sí, ó máa ń kó àwọn pròtéènì kan mọ́ra tí wọ́n jọ ń ti ọ̀pọ̀ jíìnì, àwọn àṣẹ iṣẹ́ tó wà nínú DNA, pa. Bí T3 bá wọlé, kì í dìde kúrò lórí ìjókòó. Ẹgbẹ́ ló ń pààrọ̀. Àwọn tó ń bá a ti ilẹ̀kùn á lọ, àwọn tó ń bá a ṣí i á dé, jíìnì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tó ń tì, tó tún ń ṣí, tí kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣé olùgbà nìyẹn?

“Ihò kọ́kọ́rọ́” kò tiẹ̀ gbà wá lákòókò. Ihò kì í ti nǹkan pa fúnra rẹ̀. Ní ti “rìsẹ́pítọ̀”, mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò, ṣebí sẹ́ẹ̀lì àti jíìnì ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n mo pe ọ̀rọ̀ náà sí ìyá mi létí, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ń lò ó lójúmọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni “adènà”. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, adènà ni wọ́n pe àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Ó dùn mọ́ mi, ó ku díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́, àfi ìgbà tí mo kọ “adènà họ́mọ̀nù” sílẹ̀ tí mo tún un kà. Lónìí, ìdènà ti di ọ̀rọ̀ ohun tí a kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀: ìdènà àrùn, ìdènà ìjàǹbá. Ẹni tó bá ka “adènà họ́mọ̀nù” yóò rò pé oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù lọ́wọ́ ni, irú bíi tamoxifen tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú. Nínú ìwé jẹjẹrẹ, ewu ni irú àṣìlóye bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi “adènà” sílẹ̀ fún àwọn oògùn yẹn.

“Aṣọ́bodè” ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ ọ, Kọ́sítọ́ọ̀mù Ìdí-Ìrókò ni yóò rò. Bodè sì wà ní ìpẹ̀kun ìlú, ẹni tiwa yìí ń gbé àárín ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ nù o, a máa nílò rẹ̀. Láti 2005 ni ìwádìí ti fi hàn pé T4 tún ń so mọ́ pròtéènì mìíràn, integrin αvβ3, tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì lóde, tí kì í ṣe ìbátan ti inú rárá. Láti ibẹ̀ ni T4 ti lè máa ti àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan láti máa bí sí i. Bí ìwé ẹ̀gbọ́n bá pe méjèèjì ní “olùgbà”, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ èyí tó ń gbé ìta àti èyí tó ń gbé inú?

Nítorí náà, aṣọ́bodè fún ti ìta, aṣọ́lẹ̀kùn fún ti inú. “Aṣọ́lẹ̀kùn họ́mọ̀nù tàírọ́ìdì”, ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ wo bó ṣe tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún adìẹ. Jíìnì méjì ló gbé rìn, wọ́n pe ọ̀kan ní v-erbA, èkejì ní v-erbB. Ní 1986, ikọ̀ Björn Vennström ní Jámánì àti ti Ronald Evans ní Califọ́níà rí i pé ojúlówó erbA tó wà nínú ara kì í ṣe ẹlòmíràn, aṣọ́lẹ̀kùn T3 ni. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì jí gbé ti bàjẹ́: kò gbọ́ ohùn T3 mọ́. Aṣọ́lẹ̀kùn tó di adití! T3 ń kànkùn, òun ṣì ti ilẹ̀kùn pa, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó dàgbà di ẹ̀jẹ̀ pupa kò sì lè dàgbà, v-erbB wá ń lé wọn láti máa pọ̀ sí i. Ẹ fi “olùgbà” sọ ìtàn yìí kí n gbọ́.

Ẹnì kan níbí ní ká má fi orúkọ àìsàn pe ẹ̀yà ara, ó ń bá àwọn tó fẹ́ pe tàírọ́ìdì ní “ẹ̀yà gẹ̀gẹ̀” wí. Mo gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ rántí pé láti ara orúkọ àìsàn adìẹ yẹn, erythroblastosis, ni àwọn onímọ̀ ti fa “erb” yọ, kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ti eku náà wà níbẹ̀. Irú méjì ni aṣọ́lẹ̀kùn T3: alpha (TRα) àti bẹ́tà (TRβ). Àyípadà kan tí wọ́n ń pè ní PV, lẹ́tà orúkọ aláìsàn kan tí ara rẹ̀ kì í gbọ́ ti T3, ni ikọ̀ Sheue-yann Cheng ní Amẹ́ríkà fi sínú jíìnì aṣọ́lẹ̀kùn bẹ́tà ti eku. Àwọn eku tí ẹ̀dà jíìnì náà méjèèjì bàjẹ́ ní jẹjẹrẹ tàírọ́ìdì, ó sì ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kó jẹjẹrẹ níjàánu nìyẹn.

Mo kọ “bẹ́tà”, ṣùgbọ́n mi ò dábàá “áfà” fún èkejì, alpha. “Aṣọ́lẹ̀kùn áfà” á jọ ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ààfáà àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká fi TRα àti TRβ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi gbólóhùn yìí dán an wò nínú ìwé yín: “Bí aṣọ́lẹ̀kùn TRβ bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, T3 lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ilẹ̀kùn má ṣí.” Ẹ kà á sí nọ́ọ̀sì kan létí, kí ẹ sọ ohun tó bá bi yín fún wa.