Ojú ọjọ́ kọ́, ìwà ọjọ́ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íbàdàn fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí á yé fa ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe máa pe climate change ní Yorùbá gùn mọ́: "ìyípadà ojú ọjọ́" ti wọ rédíò, ó ti wọ ìwé ìjọba, kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mi ò tíì gbà.

Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà yín gan-an, mo wọ mọ́tò láti Láfẹ́nwá lọ sí Aké, l'Abẹ́òkúta níbí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ṣàlàyé lórí rédíò pé "ìyípadà ojú ọjọ́" ló ń da oko àgbẹ̀ rú. Dírẹ́bà bá rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ wo ni ojú ọjọ́ ò yí padà rí? Oòrùn láàárọ̀, òjò nírọ̀lẹ́. Èyí náà ni wọ́n wá ń fi owó ìjọba wádìí?" Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Yorùbá tí wọ́n sọ fún un ló gbọ́.

Ojú ọjọ́ ni èyí tí ẹ bá bá níta bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn. Climate kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣílẹ̀kùn bá. Ọdún 30 ni àjọ WMO tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé máa ń kó jọ, òjò rẹ̀, ooru rẹ̀, kí wọ́n tó lè ní bí ibì kan ṣe máa ń rí nìyí. Èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó parí ní 2020. A wá fi orúkọ ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ pe ohun tó gba ọdún 30 kí a tó mọ̀ ọ́n. Báwo ni dírẹ́bà ò ṣe ní rẹ́rìn-ín?

Àléébù kejì wà nínú gírámà. "Yí padà" lè dá dúró, ó sì lè gba àbọ̀: ojú ọjọ́ yí padà, wọ́n yí ojú ọjọ́ padà. Bí a bá ti sọ ọ́ di "ìyípadà ojú ọjọ́", a ò mọ èwo nínú méjèèjì mọ́. Ẹ lè ní òfíntótó ni mò ń ṣe. Ó dáa, ẹ mú òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021. Ó ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè yan ẹnì kan tí yóò máa rí sí i. Ẹ bá mi pe oyè ẹni náà ní Yorùbá. Òṣìṣẹ́ ìyípadà ojú ọjọ́! Létí ìyá mi, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ kí òjò má ba òde ìnáwó jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á bi í ní iye tó ń gbà.

Ibo ni mo ti rí èyí tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Ìtòkú ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń yà kí, adìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, bí ẹ̀kọ yẹn ò bá sì gbẹ kí aṣọ tó wọ inú aró, iṣẹ́ bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ń ká aṣọ kúrò lórí okùn wàràwàrà, ẹ̀kọ ti ń ṣàn lára méjì nínú wọn bí ikun imú ọmọdé. Ó wòkè, ó ní: "Mo mọ ìwà ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ oṣù tí mo lè ya ogún aṣọ kí n má bojú wòkè. Mi ò mọ ìwà ẹ̀ mọ́."

Ìwà! Ojú là ń rí lójúmọ́. Ìwà, àbágbé là á fi í mọ̀ ọ́n. Torí náà, ojú ọjọ́ fún weather, ìwà ọjọ́ fún climate, ìyípadà ìwà ọjọ́ fún climate change. Ti oyè òṣìṣẹ́ yẹn, ẹ yọ "ìyípadà" kúrò pátápátá, ẹ pè é ní alámòójútó ọ̀rọ̀ ìwà ọjọ́.

Mo ti mọ ohun tí bàbá wa ọ̀jọ̀gbọ́n máa sọ: èèyàn ló ń níwà, ọjọ́ kì í hùwà. Bàbá, ọjọ́ tó lè ní ojú, kí ló dé tí kò fi lè ní ìwà? Ẹni tó dábàá "ìyípadà àsìkò" ńkọ́? Àwọn olóṣèlú ti lo ìyẹn gbó.

Ó ku ọ̀kan tó ń bí mi nínú: "ìfaradà" tí àwọn atúmọ̀ èdè ń lò fún adaptation. Àwọn onímọ̀ ní kí á tún gọ́tà ṣe, kí á má kọ́lé sójú ọ̀nà omi, kí á gbin ohun tó tètè ń gbó. Atúmọ̀ èdè wá ní kí á fara dà á. Ẹni tí omíyalé kó ẹrù rẹ̀ lọ nílùú yìí lóṣù Keje ọdún 2018 ti fara dà á tó. Ìmúradè ni mo fẹ́. A máa ń múra de òjò, a máa ń múra de àlejò.

"Afẹ́fẹ́ ilé aláwọ̀ ewé" tí wọ́n ń pe greenhouse gas náà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé ọ̀hún ló ń rùn. Gáàsì oníkúbùsù ni: ooru tó yẹ kó jáde lọ ló ń bò mọ́ wa lára. Kì í sì í ṣe ìmọ̀ àná. Ọdún 1859 tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta níbí ni John Tyndall fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù pé àwọn gáàsì kan ń gba ooru mú. A ní ìwé ìròyìn tí ìbá gbé e jáde lọ́dún náà gan-an! (Akẹ́kọ̀ọ́ yìí náà ló sọ fún mi pé nígbà tí òun lọ ṣe "ìwádìí" òjò lábúlé, ìyá arúgbó kan kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jalè. Mi ò tíì rí nǹkan ṣe sí ìyẹn.)

Lánàá, mo padà sí Ìtòkú láti dán ọ̀rọ̀ mi wò. Mi ò ṣàlàyé kankan, mo kàn ní, "Ìyá, wọ́n ní ìwà ọjọ́ ti yí padà o." Ó dá ìyẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí la fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ "ìyípadà ojú ọjọ́", mi ò tíì rí ẹni tó béèrè ìyẹn. Ibẹ̀ sì ni àwọn IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń yẹ ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí wò, dé ní 2021, tí wọ́n kọ ọ́ pé kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀, ọwọ́ ọmọ èèyàn ló mú ayé gbóná. Mo nàka sí jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó wò ó, ó wò mí.

"Eléyìí nìkan?"

Mo ní rárá o. Ó ti àpótí kan sí mi, mo jókòó.