Wọn kì í to wa ní ipò, fọ́ọ̀mù iṣẹ́ sì ń béèrè ipò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kejì ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ òfin kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi máàkì wa wé ara wọn ni, B+ ni wọ́n sì fi ṣe àárín. Bí gbogbo kíláàsì bá tiẹ̀ mọ̀wé bí ejò, àwọn kan á ṣáà gba B. (Àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ òfin Yale ń jayé ní tiwọn: dípò A tàbí B, Honors àti Pass ni wọ́n ń gbà.)

Ibi tó ta kókó nìyí: ilé ẹ̀kọ́ wa kì í sọ ipò ẹnikẹ́ni. GPA (ìpíndọ́gba máàkì) tó bẹ̀rẹ̀ ìdá 10 àti ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún tó ga jù ni wọ́n ń kéde. Tèmi fi díẹ̀ ju ti 25 lọ, kò dé ti 10. Fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò kan wá ń béèrè ipò mi, nọ́ńbà nìkan ni àyè ibẹ̀ sì ń gbà. Ṣé kí n kọ 25 ni, àbí kí n ṣàlàyé rẹ̀ sínú lẹ́tà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó tún sọ fún mi: tí wọ́n bá ń yan àwọn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wọ Order of the Coif, ẹgbẹ́ ọlá fún àwọn tí máàkì wọn ga jù nínú àwọn tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ òfin, ṣé máàkì ọdún àkọ́kọ́ ṣì ń wúwo níbẹ̀?