Nígbà tí wọ́n bá kọ̀ láti fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní Medicaid: bí a ṣe ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Rọ́bà ni a fi ń fún ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin lóúnjẹ, síbẹ̀ wọ́n kọ̀ láti fún un ní Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó rẹ̀, lábẹ́ ètò Katie Beckett tí kì í wo owó òbí, wọ́n ní ìtọ́jú tó ń gbà kò tó ti ẹni tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn. Kí ni kí n ṣe?

Èsì: Màmá Ire, ẹ kú ìfaradà. Irú lẹ́tà yẹn ti wọ ilé tiwa náà rí. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àpòòwé rẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye ọjọ́ tí a ní láti fi béèrè fún ìgbẹ́jọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò kàn jẹ́ kó ju 90 lọ. 30 ni tiwa. Ẹ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ kí ẹ tó máa wá dókítà kiri, torí pé ẹ̀rí lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Láti ọdún 1982 ni òfin ti gba ìpínlẹ̀ láàyè láti má ka owó òbí mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, bí ó bá ṣáà ti hàn pé ohun tí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtọ́jú ì bá máa ṣe fún un ni ẹ ń ṣe nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni ẹ máa fi hàn wọ́n; orúkọ àìsàn nìkan kò tó.

Ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ṣe àṣìṣe. Nọ́ọ̀sì àwọn Medicaid pè mí lórí fóònù, ó béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe, mo ní, “A dúpẹ́, ara rẹ̀ ń yá.” Yorùbá wo ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àjèjì pé ara ọmọ òun kò dá? Nígbà tí mo gba fáìlì wa, èyí tí a lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ wò kí ìgbẹ́jọ́ tó wáyé, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé ìyá sọ pé ara ọmọ ti ń yá.

Mo wá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun gbogbo sínú ìwé kan: aago méjì òru, mo fi ẹ̀rọ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aago mẹ́fà, oúnjẹ gba rọ́bà wọlé fún ìṣẹ́jú 45, ó bì í, gìrì mú un. Ìwé yìí ni dókítà kà kó tó kọ lẹ́tà tirẹ̀, tó fi ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá pa ìtọ́jú náà jẹ fún ọjọ́ kan péré.

Kí ẹ tó náwó fún lọ́yà, ẹ kàn sí àjọ Protection and Advocacy tó wà ní ìpínlẹ̀ yín, àwọn tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Bí ẹ bá sì fẹ́ ògbufọ̀, ẹ béèrè. Wọn kò gbọdọ̀ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Bí fáìlì bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ pa orúkọ ọmọ rẹ́ lórí ojú ìwé tí wọ́n ti wọn bí ìtọ́jú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ kà á ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.