Bí fóònù ṣe ń mọ ohun tí ẹni tó gbé e ń ṣe: ìrírí tèmi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé mọ́dẹ̀lì ńlá, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà ńlá tó ń kọ́ nǹkan láti inú dátà, ni ọ̀pọ̀ yín tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbójú lé. Ní tiwa, ibẹ̀ kọ́ ni ìtẹ̀síwájú ti wá.

Áàpù tí à ń ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹni tó ni fóònù ń rìn, ó jókòó, ó dúró, ó dùbúlẹ̀ tàbí ó wà nínú ọkọ̀, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kí fóònù dákẹ́. Accelerometer, ìyẹn ohun tó ń wọn bí fóònù ṣe ń mì, la fi bẹ̀rẹ̀. A ń gé dátà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ìdajì ègé kan sì máa ń wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ṣe dátà UCI HAR ti 2012 náà nìyẹn, ìyẹn àkójọ dátà tí àwọn olùwádìí fi ń kọ́ mọ́dẹ̀lì láti mọ ohun tí èèyàn ń ṣe: èèyàn 30, fóònù ní ìbàdí, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2.56.

Ìdajì tó ń wà nínú ègé méjì yẹn gan-an ni ewu wà. Tí ẹ bá po àwọn ègé náà pọ̀ kí ẹ tó ṣa ti ìdánwò, ohun tí mọ́dẹ̀lì ti rí ni ẹ tún ń bi í. Máàkì á ga, àmọ́ òfo ni. Nínú UCI HAR, àwọn èèyàn ni wọ́n pín sọ́tọ̀, kì í ṣe ègé. Ẹnì kan nínú ikọ̀ wa ló ní kí àwa náà máa yọ èèyàn kan sẹ́yìn, ká fi dátà àwọn yòókù kọ́ mọ́dẹ̀lì, ká wá fi ti ẹni náà dán an wò, títí yóò fi kárí. Máàkì já wálẹ̀, inú mi sì dùn, torí ìgbà yẹn la tó rí i pé àwọn tó ń fi fóònù sínú báàgì ni mọ́dẹ̀lì kò mọ̀. A lọ gba dátà inú báàgì, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ọkọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló tún yọ wá lẹ́nu. Lójú accelerometer, ó jọ pé èèyàn kàn jókòó ni. A fi ìyára GPS kún un, a sì fi hidden Markov model, ìyẹn ìṣirò tó ń wo bí ìṣesí kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, torí kò sẹ́ni tó ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí ibùsùn láì rìn rárá. Tí kò bá sì dá mọ́dẹ̀lì lójú, kí fóònù dún. Ó sàn ju kéèyàn pàdánù ìpè pàtàkì lọ.

Ìjókòó àti ìdúró ṣì ń dàrú mọ́ mọ́dẹ̀lì wa lójú. Ẹni tó bá ti rí ọgbọ́n dá sí i, jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa.