Àwòrán wo ló lè gbé àárò olólùfẹ́ nínú ewì?
Ẹ̀yin onímọ̀ ewì, mo kí yín láti Kàbà. Mo ń kọ ewì nípa ẹni tí àárò olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ, ẹyẹlé ni mo sì kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí kì í yẹrí lọ́jọ́ ikú onílé, ìṣòótọ́ ló ń tọ́ka sí lójú tèmi, kì í ṣe àárò. Òṣùpá tí ẹni méjì tó jìnnà síra wọn jọ ń wò sún mọ́ ọn díẹ̀. Odò Ọya àti Bẹ́núé tí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja wù mí gan-an (ta ni kò ní wù?), àmọ́ ìpàdé ti parí àárò. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè lè gbé e? Àwòrán wo ni àwọn àgbà Ọ̀kun, ìyẹn àwọn Yorùbá agbègbè Kàbà níbí, ń lò nínú orin ìfẹ́ wọn?