Ogunléndé tàbí asásálà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá, pé kí "ogunléndé" nìkan dúró nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "refugee", ká yọ "asásálà" kúrò, n kò lè fara mọ́ ọn.

Ogunléndé dùn lẹ́nu. Ẹ tú u wò: ogun, lé, n, dé. "N" yẹn, "mi" ni. Ẹni tí ọ̀ràn dé bá gan-an ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: ogun ló lé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Bí àwọn ará Ìjàyè ṣe wọ Abẹ́òkúta nìyẹn nígbà tí ogun Ìbàdàn fọ́ ìlú wọn lọ́dún 1862. Àgọ́-Ìjàyè ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń rọ́ wá sí Ìpínlẹ̀ Cross River láti ọdún 2017, tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Adagom nítòsí Ogoja, orúkọ náà bá wọn mu rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ogun kò lé ńkọ́? Obìnrin tó yí ẹ̀sìn padà, tí ìjọba ìlú rẹ̀ fẹ́ torí ẹ̀ pa á. Akọ̀ròyìn tí wọ́n ń wá kiri nítorí ohun tó kọ. Ìbọn kò dún, síbẹ̀ wọn ò lè sùn nílé. Nǹkan márùn-ún ni Àdéhùn Geneva ọdún 1951, èyí tó dá lórí irú àwọn tó sá kúrò nílùú wọn bẹ́ẹ̀, kà tí inúnibíni lè torí rẹ̀ wáyé: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè ẹni, ẹgbẹ́ tí èèyàn jẹ́ ara rẹ̀ láwùjọ, àti èrò rẹ̀ nípa ìṣèlú. Ogun kò sí nínú márààrún. Àwa ará Áfíríkà la fi ìkọlù láti òde àti rògbòdìyàn tó da ìlú rú kún un, nínú àdéhùn tiwa tí a ṣe ní Addis Ababa, lọ́dún 1969. Bó bá jẹ́ ogunléndé nìkan la kọ sílẹ̀, a di àfikún mú, a sọ ìpìlẹ̀ nù.

Rédíò náà ń pe àwọn tó sá láti abúlé wọn wọ Màídúgùrì ní ogunléndé. Kò burú, ogun ló lé wọn. Àmọ́ wọn ò kọjá ẹnubodè. Àdéhùn Kampala ọdún 2009, tó wà fún àwọn tó sá kúrò nílé ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì wà nínú orílẹ̀-èdè wọn, ni tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí asásálà dúró fún ẹni tó sá kọjá ẹnubodè kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà bọ́, ohun yòówù kó lé e. "Sá àsálà" ti wà lẹ́nu gbogbo wa tẹ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Abala 33 àdéhùn 1951 ní kí ìjọba má ṣe dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà síbi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ ti wà nínú ewu. Mo fi "àìlépadà" lélẹ̀ fún ìlànà yìí, nítorí "lé" tó wà nínú ogunléndé náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.